Ta Ni Alágbàfọ̀ Tó Wọ Ọ́fíìsì Ààrẹ?

Àwòrán obìnrin dúdú kan wà tó ti tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán náà ti ṣá, ojú obìnrin inú rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń kọ orúkọ Mary Bowser sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì ṣàlàyé pé òun ló ṣe amí nínú ilé Jefferson Davis, ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, nígbà ogun abẹ́lé tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865. Ilé iṣẹ́ rédíò lo àwòrán yìí. Ẹ̀ka iṣẹ́ amí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pàápàá lò ó. Nígbà tó yá, òǹkọ̀wé kan tó ti kọ odidi ìwé ìtàn àròsọ nípa amí náà tọpa àwòrán ọ̀hún dé ibi tó ti wá. Obìnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Mary Bowser lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mary Bowser mìíràn ni. Nǹkan bí ọdún 1900 ni wọ́n yà á, bẹ́ẹ̀ ipa amí tí à ń wí yìí ti pòórá láti 1867.

Mo máa ń padà sídìí ọ̀rọ̀ àwòrán yìí nítorí pé èmi náà ń kọ ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́ nípa obìnrin náà, mo sì mọ ohun tó mú kí gbogbo ayé di àwòrán yẹn mú ṣinṣin. À ń wá ojú rẹ̀. Ó ń dùn wá pé ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ojú sílẹ̀ tí a lè wò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ohun tí àwọn òpìtàn ti hú jáde nípa rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń yé mi sí i pé bí a kò ṣe rí ojú rẹ̀ yìí wà lára iṣẹ́ tó ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú ẹlòmíràn dí àlàfo náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àkọsílẹ̀ wà fún.

Ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní Van Lew. Olówó ni wọ́n, wọ́n sì ní ẹrú. Ọmọdébìnrin kan wà lára àwọn ẹrú ìdílé yìí tó ń jẹ́ Mary Jane Richards; òun ló wá di Mary Bowser. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1846, wọ́n gbé e lọ ṣèrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì St. John, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun bíi ti ìdílé náà ti ń jọ́sìn. Wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹrú. Elizabeth Van Lew, ọmọbìnrin ilé náà, kórìíra òwò ẹrú láàárín ìlú tó fi ẹrú kó ọrọ̀ jọ, òun ló sì ṣètò tí Mary fi lọ kàwé ní àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá. Ní 1855 wọ́n tún fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Làìbéríà láti lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó dàgbà sínú ẹrú ní Virginia ló tún gba orí omi padà wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí, tí wọ́n ní kó wá máa wàásù fún wa. Kò gbádùn ibẹ̀ rárá. Ní 1860, ó ti padà sí Amẹ́ríkà.

Òfin Virginia ìgbà yẹn kò sì gbà kí ẹni dúdú tó ti lọ kàwé ní Àríwá padà wọlé. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n mú un ní ojú pópó Richmond pé ó ń rìn kiri láìní ìwé àṣẹ, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òmìnira. Ó ní Mary Jones ni orúkọ òun. Orúkọ Mary Jane Henley náà tún jáde nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ìyá Elizabeth ló wá sọ pé ẹrú òun ni kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ibí yìí máa ń jẹ́ kí n sinmi ìwé kíkà fún ìgbà díẹ̀. Kí obìnrin tó ti rí Àríwá àti Làìbéríà, tó mọ ìwé kà, tó mọ ìwé kọ, tó lè jáde kúrò ní àtìmọ́lé, àfi kí ẹnì kan búra pé dúkìá òun ni. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irọ́ gba ẹ̀mí là. Bóyá ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1861. Ní ọjọ́ 16, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. John kan náà, Mary fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilson Bowser. Ìránṣẹ́ Ìyáàfin Van Lew ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì pe àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 17, Virginia dìbò pé àwọn yóò ya kúrò lára Amẹ́ríkà. Bí èmi bá gbé irú ọjọ́ ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti inú orí mi, ẹni tó ń kà á á ní mo ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé. Ọjọ́ náà sì wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Lásìkò ogun, Elizabeth Van Lew kó àwọn ènìyàn jọ, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń ko ìròyìn Richmond lọ fún àwọn ọmọ ogun Àríwá. Ìdílé náà ní oko lẹ́yìn ìlú, àwọn ìránṣẹ́ wọn sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín oko àti ilé. Ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ti mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Wọ́n ń tọ́jú ìwé sínú èèpo ẹyin tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ jáde, wọ́n ń tọ́jú òmíràn sí àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà. Nínú ìwé tí Elizabeth ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, ó ní bí òun bá ti lajú láàárọ̀, òun á bi ìránṣẹ́ òun léèrè pé, "Kí ni ìròyìn, Mary?", kò sì sí ìgbà tí kì í rí nǹkan gbọ́. Ó tún kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìròyìn tó ṣeé gbára lé ti ń wá. Ogun parí, Elizabeth gba àwọn ìwé iṣẹ́ amí rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba ní 1866, ó sì bà wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ará Richmond má bàa tẹ̀ wọ́n. Inú ilẹ̀ ló rì ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ náà mọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì kù tí ọwọ́ àwọn òpìtàn tẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń ráhùn pé àkọsílẹ̀ nípa Mary kò tó nǹkan, kó rántí pé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa á rẹ́, kí wọ́n má bàa so ẹnikẹ́ni kọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1865, lẹ́yìn tí Richmond ti ṣubú, obìnrin kan dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Abyssinian Baptist ní New York. Ó ní Richmonia Richards ni orúkọ òun, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn ti rí i pé Mary ni. Láìpẹ́ sí i, ó tún sọ̀rọ̀ ní Brooklyn, níbẹ̀, ó di Richmonia R. St. Pierre. Ìwé ìròyìn kan tí àwọn ènìyàn dúdú ń tẹ̀, Anglo-African, ròyìn ohun tó sọ. Ó ní òun wọ ilé Ààrẹ Davis lọ nígbà tí onílé kò sí níbẹ̀, bí ẹni tó ń wá aṣọ tí òun á gbà fọ̀. Ó rìn títí ó fi dé ọ́fíìsì ọkùnrin náà, ó ṣí àwọn dúrọ́ọ̀ ibẹ̀, ó sì yẹ àwọn ìwé tó wà nínú wọn wò.

Alágbàfọ̀! Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa amí, n kò tíì rí ìbojú tó dára tó èyí. Ẹ̀yìnkùlé ni alágbàfọ̀ ń gbà wọlé, kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló ń wá. Àyè wà fún un láti wọ yàrá, nítorí inú yàrá ni aṣọ ìdọ̀tí wà. Ẹrù wà lórí rẹ̀ tí ìwé lè sá pamọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ká a mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà, kò nílò irọ́ tuntun: aṣọ ni mo ń wá, ọ̀gá. Obìnrin tó bá ronú kan èyí ti mọ ilé ńlá láti inú wá sí òde.

A máa ń sọ pé ogiri létí. Kì í wá sí wa lọ́kàn pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń nu ògiri náà létí. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbí lónìí, níwájú ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọkọ àti aya ti ń jíròrò iye tó wà ní báńkì, níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bú ẹbí ọkọ, níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí dókítà wí. Àlejò ló máa wọlé kí wọ́n tó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ti jókòó sí irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tí mo rí ọmọbìnrin kan tó gbé omi wá, tó dúró díẹ̀, tó sì gbé àwo lọ, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì dánu dúró. Mo ń wo ojú ọmọ náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo lè kọ ìtàn Mary, nítorí mo ti rí ojú kan tí mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀.

Ní Virginia, òfin pàápàá ló fẹsẹ̀ àìkàsí yìí múlẹ̀. Òfin ka ìpéjọpọ̀ láti kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà léèwọ̀. Ẹni tí gbogbo ìlú ti gbà pé kò lè kàwé, ta ni yóò máa pa ìwé mọ́ níwájú rẹ̀? Àwọn tó ṣe òfin yẹn kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí fún un.

Ìtàn tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ jù lọ yàtọ̀ sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Nínú ìtàn tó gbajúmọ̀ náà, Mary Elizabeth Bowser jẹ́ ìránṣẹ́ tó ń gbé nínú ilé Davis, ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú àwọn ọ̀gágun, ó sì ní ọpọlọ kan tó jẹ́ pé ìwé tó bá ti rí lẹ́ẹ̀kan péré, yóò kà á jáde lórí bó ṣe wà. Orúkọ "Mary Elizabeth Bowser" yìí, ẹnu ọmọ àbúrò Elizabeth Van Lew ló ti jáde, nígbà tó ti dàgbà tó ń rántí ohun tó gbọ́ lọ́mọdé. Ìwé ìròyìn Harper's tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1911. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ tí kì í gbàgbé náà, wọ́n ní Thomas McNiven, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Richmond, ló sọ ọ́. Láti ẹnu dé ẹnu ló fi ń rìn nínú ìdílé rẹ̀ títí tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1952. Varina Davis, ìyàwó Ààrẹ náà, ti sọ ní 1905 pé irọ́ ni, pé kò sí obìnrin dúdú ọ̀mọ̀wé kankan nínú ilé òun.

Èsì Varina yìí máa ń mú mi ronú gan-an. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni alágbàfọ̀ kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó kàwé tó sì jáde, ohun tí ìyàwó onílé máa sọ náà nìyẹn: n kò rí ẹnì kankan. Kò ní parọ́. Kò rí ẹnì kankan lóòótọ́.

Mo mọ ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ fi fẹ́ràn ọpọlọ tí kì í gbàgbé. Ó rọrùn láti fi hàn lójú ìwé, ó sì ń mú kí ẹni tó ń kà á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ, n kò sì ní fi sínú ìtàn tèmi. Bí a bá ti sọ pé iṣẹ́ ìyanu ló gbé obìnrin yìí débẹ̀, a ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mary kàwé. Ó kọ́ ìwé náà ní ilé ẹ̀kọ́, ó fi ọdún kọ́ ọ, ó rìn jìnnà nítorí rẹ̀, òfin sì fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀rù bà á, kò sì padà sẹ́yìn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò nílò kí á fi agbára tí kò sẹ́ni tó ní in kún tirẹ̀.

Aṣọ fífọ̀ tún jáde nínú ìtàn Harriet Tubman. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kó ẹrú sá kúrò ní Maryland. Àwọn tó mọ̀ pé ó ṣe amí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1862 ó lọ sí Beaufort ní South Carolina, níbi tí àwọn ọmọ ogun Àríwá ti gba ilẹ̀. Ìjọba fún un ní 200 dọ́là; ó fi owó náà kọ́ ilé ìfọṣọ kan fún àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, kí wọ́n lè máa fọ aṣọ sójà fi jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe àkàrà òyìnbó lóru kó tó rí owó ná. Bẹ́ẹ̀ ló tún ń darí àwọn amí dúdú tí wọ́n mọ odò àti irà agbègbè náà, tí wọ́n ń bá àwọn ẹrú inú oko sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń mọ ibi tí àwọn ará Gúúsù ri bọ́ǹbù mọ́ inú omi. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1863, òun àti Ọ̀gágun James Montgomery pẹ̀lú nǹkan bí 150 sójà dúdú wọ ọkọ̀ gba orí odò Combahee lọ. Bọ́ǹbù kò bu ọkọ̀ wọn. Wọ́n dáná sun oko ìrẹsì àwọn olówó ẹrú, wọ́n sì kó ẹrú tó lé ní 700 jáde sínú òmìnira.

Lẹ́yìn ogun, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ ìjọba pé kí wọ́n san ẹ̀tọ́ òun fún òun. Ní 1899, ilé aṣòfin wá gbà láti máa san 20 dọ́là fún un lóṣù. Dọ́là 8 nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí pé opó sójà ni. Dọ́là 12 yòókù jẹ́ nítorí pé ó ṣe nọ́ọ̀sì. Fún iṣẹ́ amí, kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n lè gbà pé obìnrin dúdú fọ ojú ọgbẹ́ sójà, wọ́n lè gbà pé ọkọ rẹ̀ kú. Kí ó jókòó pẹ̀lú ọ̀gágun kó sì sọ ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ìyẹn kò ní àyè lórí ìwé owó. Ó kú ní 1913. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ìpínlẹ̀ Maryland tó fi oyè ọ̀gágun dá a lọ́lá. Inú mi dùn sí oyè náà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá rántí dọ́là 12 yẹn, n kò sì ní fi ìbínú náà pamọ́ fún ẹni tó bá ń ka ìwé mi.

Bí ẹ bá wọ ilé ìtàwé lónìí, ìtàn amíbìnrin tí ẹ máa rí lórí pákó jẹ́ ti ogun àgbáyé kejì. Àwọn obìnrin tí London rán lọ sí Faransé ló pọ̀ jù nínú wọn, ìdí rẹ̀ sì hàn: fáìlì wọn wà, fọ́tò wọn wà, oyè wọn wà. Mo ti ka díẹ̀ nínú wọn. Ohun tó ń sú mi níbẹ̀ ni ìfẹ́ tí wọ́n máa ń rọ́ dà sórí gbogbo rẹ̀. Noor Inayat Khan, ọmọ ará Íńdíà kan àti ìyá ará Amẹ́ríkà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ sí Faransé láti máa fi rédíò bá London sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 1943 ló débẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn Jámánì kó àwọn tó yẹ kó bá ṣiṣẹ́. London ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun kò bọ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ni ẹnì kan tà á. Àwọn Jámánì wá ń fi rédíò rẹ̀ bá London sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni, London sì ń dáhùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1944, London fi párásúùtì sọ obìnrin mìíràn, Madeleine Damerment, kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú sáàárín àwọn Jámánì tó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n pa Noor, Madeleine àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ní Dachau. Òǹkọ̀wé tó bá ní ìtàn yìí lọ́wọ́, tó wá ń fi ojú ìwé ṣòfò lórí ọkùnrin tó ń fẹnu kò ó lẹ́nu ní Paris, kò ṣe dáadáa. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ní London tí wọ́n ń dá èsì rédíò náà padà, àwọn ló yẹ kó gba ojú ìwé yẹn.

Ọmọ Yorùbá kò sì lè sọ̀rọ̀ amíbìnrin kó má kan Mọ́remí. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: bí àwọn abàmì kan tó fi ìko bo ara wọn ṣe ń ya wọ Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, bí Mọ́remí ṣe lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìnrìn, tó jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, tó di aya ọba wọn, tó mọ̀ pé ènìyàn lásán ni wọ́n lábẹ́ ìko náà, tó sá padà wálé wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, odò béèrè Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ní 2016, Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ní Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ ìtàn Mọ́remí láti ìran dé ìran ni ibi tí wọ́n ń dánu dúró sí. Wọ́n sọ pé ó di aya ọba ọ̀tá. Wọn kò sọ bóyá ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, wọn kò sì sọ ohun tó ń rò lóru nínú ilé ọ̀hún. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n owó tó san kò ní àfipamọ́ rárá, gbogbo ọmọ kékeré ló mọ orúkọ Olúorogbo. Ìtàn tó dákẹ́ lórí ọkàn obìnrin tó sì pariwo lórí ohun tó ná an, èmi gbà pé ó dára ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti rà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ ti Mary náà. Mo lè sọ bí aṣọ ṣe wúwo tó, òórùn ọ̀dà orí tábìlì, ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn, bó ṣe máa ka ìlà kan tó máa di dúrọ́ọ̀ náà padà bó ṣe bá a. Ohun tó wà láàárín òun àti Wilson Bowser, n kò ní dá a dúró sójú pópó.

Elizabeth, ẹ̀wẹ̀, yóò wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó gbà á. Ó gbìyànjú, kò sí àní-àní. Ọ̀gágun Grant ti Àríwá, nígbà tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, fi í ṣe olórí ilé ìfìwéránṣẹ́ Richmond ní 1869. Àwọn ará ìlú kórìíra rẹ̀ títí tó fi kú ní 1900, àwọn ará Massachusetts ló sì fi òkúta ránṣẹ́ sójú oórì rẹ̀. Ìtàn tó dùn ún sọ ni. Síbẹ̀, bí àṣírí bá tú ní ọ́fíìsì Davis, ọrùn Elizabeth kọ́ ni okùn máa kọ́kọ́ bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ìwé náà parí sí ni St. Marys, ní Georgia, ní 1867. Mary dá nìkan ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira: ọmọ 70 lọ́sàn-án, àgbàlagbà 12 lálẹ́, àti ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi síbẹ̀. Nínú ọ̀kan lára wọn, ó sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ débi pé òun ṣì ń bá ara òun níbi tí òun ti ń wo ojú àwọn aláwọ̀ funfun ìlú náà fínnífínní, ohun tí òun sì ń rí nínú ojú wọn kò dára. Ó ní ó wu òun kí òfin tàbí ààbò kan wà níbẹ̀. Ogun ti parí láti ọdún méjì, amí náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú oṣù Kẹfà, ó ní kí wọ́n máa kọ Mary J. R. Garvin sára lẹ́tà òun, nítorí ó ti lọ́kọ mìíràn. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn tó ti ka orí mélòó kan nínú ìwé mi fẹ́ kí n kọ ikú rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí ó ní sàréè, kí ẹnì kan sunkún lé e lórí. Mo ti sọ fún wọn pé rárá. Lẹ́tà tó fi pààrọ̀ orúkọ ni mo máa fi ṣe ojú ìwé ìkẹyìn, pẹ̀lú iye ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀, àti orúkọ méje tí àwọn òpìtàn ti rí i pé ó jẹ́: Richards, Henley, Jones, Bowser, Richards mìíràn tó ń jẹ́ Richmonia, St. Pierre, Garvin. Bí ó bá jẹ́ ìkẹjọ lẹ́yìn èyí, òun ló mọ̀ ọ́n.